Abọ́ Tí Bàbá Olófì Jókòó Lé

Ẹni tó bá sọ pé Bàbá Olófì kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, òkú ẹlòmíràn ló wá sin. Lèmọ́mù wa sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin ín. Ó ní ẹni jẹ́jẹ́ ni, ó ní kò mọ bí wọ́n ṣe ń jà. Mo wo ìyá àgbà, mo rí i pé ó ti fi ìborùn bo ẹnu. Àwọn èrò ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ má sunkún mọ́." Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń pa á. Lèmọ́mù yìí kan náà àti bàbá àgbà mi kò kí ara wọn fún odidi ọdún mẹ́ta, màá sì sọ ìdí rẹ̀.

Ó tún kù fẹ́ẹ́fẹ́ kó kú lọ́jọ́ Jímọ̀, èyí tí àwa mùsùlùmí kà sí oore ńlá. Ó dúró di àárọ̀ Sátidé. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sí, á jẹ́ pé ẹnì kan ló sọ fún un pé kó yára.

Òun ló bí bàbá mi. Súlè ni wọ́n sọ ọ́, àmọ́ òfì tó fi ń hun aṣọ ní Ìsẹ́yìn láti kékeré ti gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, Bàbá Olófì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó lọ ilé kéwú, kò lọ síbòmíràn. Ó máa ń rẹ́ni jẹ nídìí ayò, á sì tún búra. Ahun ni lórí obì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ, ó sì máa ń bí mi nínú títí di òní. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn èèyàn ní yunifásítì báyìí. Bí kì í bá ṣe pé ọkùnrin yìí jókòó lé abọ́ mi láti ìrun ọ̀sán títí kọjá ìrun Alásárì, nílé ọkọ kan ní Òkèhò ni ǹ bá wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa àwọn abọ́ náà.

Gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àwọn mìíràn á pa òwe náà tán, wọn á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn á kà wọ́n wúyẹ́wúyẹ́. Bàbá Olófì kò ka tiẹ̀ pàápàá. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ra abọ́ páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú agboolé wa, ó fi ọ̀dà sàmì sí ìdí wọn. Ti èmi jẹ́ ìlà pupa méjì tó dábùú ara wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, á gbé agbọ̀n abọ́ wá sí àgbàlá, kálukú á mú tiẹ̀. Bí abọ́ kò bá kù, a pé. Bí abọ́ kan bá kù, ọmọ kan kò sí nílé. Bí ọmọ kan bá dúró láìní abọ́, ọmọ aládùúgbò ti yọ́ wá jẹun lọ́dọ̀ wa. Òun fúnra rẹ̀ ní abọ́ nínú agbọ̀n náà, tirẹ̀ ló sì máa ń mú kẹ́yìn. Ọ̀kan tún wà tó máa ń dojú dé nígbà gbogbo: ti àlejò tí kò tíì dé.

Mo tó ọmọ ọdún méje lọ́jọ́ tí abọ́ onílà pupa ṣẹ́kù sílẹ̀. Ìyá mi bọ́ sí ìta, ó ń ké. Àwọn kan ti ń dárúkọ gbọ́mọgbọ́mọ. Bàbá Olófì gbé abọ́ náà, ó wo ìdí rẹ̀, ó ní kí wọ́n yé pariwo. Ó rán wa kálukú síbi tiẹ̀, ìyẹn ni pé ó rán àwọn tó kù, torí èmi wà lábẹ́ ẹrù òwú nínú ilé òfì, mò ń sun oorun àsùnhanrun. Nígbà tí wọ́n gbé mi dé, ìyá mi na ọwọ́ láti gbá mi létí, Bàbá Olófì di ọwọ́ náà mú. Ó gbé abọ́ fún mi, ó ní, "Abọ́ tó bá kù, ẹni tó ni ín wà níbì kan."

Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ń bọ̀. Gbogbo wa mọ gbólóhùn náà lórí, a sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí kò bá sí nítòsí.

Nígbà tí àwọn tí ìjọba rán láti ka èèyàn dé Ìsẹ́yìn, wàhálà dé bá akọ̀wé tí wọ́n fi ilé wa fún. Ó wọ ṣòkòtò kakí ìjọba, ó mú ìwé gbàgàdà kan dání. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbí?" Bàbá Olófì ní kò mọ̀. Akọ̀wé ní kí wọ́n pe gbogbo ọmọdé jáde kí òun kà wọ́n.

"Ka ọmọ ta ni?"

"Àwọn ọmọ yín, sà."

"Ìwọ ni o bí wọn?"

Ọkùnrin náà ní iṣẹ́ ìjọba ni. Bàbá Olófì ní òun kò bá ìjọba jà, ó wọlé, ó gbé agbọ̀n jáde. Ó ní, "Àwọn abọ́ nìyí. Kò sí èèwọ̀ nínú kíka abọ́." Akọ̀wé náà wo òòrùn, ó wo ìwé rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ka abọ́. Ó dúpẹ́, ó lọ. Ó ti kọjá ilé kejì kí ìyá àgbà tó rántí pé ó ti ka abọ́ àlejò mọ́ ọn. Èyí ni pé títí di òní, ẹnì kan wà nínú ìwé ìjọba tó ń gbé agboolé wa, tí kò sì sí láyé. Ìyá àgbà ní kí ọmọ kan sáré pe akọ̀wé padà. Bàbá Olófì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. "Kó máa bọ̀. A ti gbé abọ́ dè é."

Kò sí ohun tó kàn mí nípa ìyẹn títí mo fi dé yunifásítì, tí mo sì já kulẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ kan.

Ìṣirò àkójọ ni mo ń pe ẹ̀kọ́ náà lédè tiwa. Kò sí nọ́ńbà púpọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó ń béèrè kò ju pé kí ló wà nínú kí ni, kí ni kò sí nínú kí ni, báwo la ṣe ń mọ̀ pé àkójọ méjì pọ̀ bákan náà. Ó dà bí eré ọmọdé, òun sì ni mo já. Olùkọ́ wa sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí kò bá yege nínú rẹ̀ kò ní fojú kan tọpọ́lọ́jì, ìṣirò tó tẹ̀ lé e, ẹni tí kò bá sì rí tọpọ́lọ́jì ṣe kò lè gboyè nínú ẹ̀ka wa. Mo ní láti tún ìdánwò náà ṣe kí ìsinmi gígùn tó parí. Bàbá mi ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní bí mo bá tún já, ó parí nìyẹn. Ó ní àwọn ará Òkèhò kan ti ń bi òun léèrè mi tipẹ́.

Báyìí ni mo ṣe wá ń jókòó nínú ilé òfì lójoojúmọ́, ìwé lórí itan, omijé lójú, Bàbá Olófì ń ju ọ̀kọ̀ ìhunṣọ sọ́tùn-ún sósì.

"Kí ni wọ́n bi ọ́ gan-an, Àjọkẹ́?"

Mo ní wọ́n bi mí pé bí nǹkan kan bá wà nínú àkójọ kan, tí àkójọ yẹn náà sì wà nínú àkójọ mìíràn, ṣé nǹkan àkọ́kọ́ wà nínú ìkẹta. Mo fi òwú ṣàlàyé fún un. Òwú wà nínú ìdì, ìdì wà nínú àpò.

"Òwú wà nínú àpò nìyẹn," ó wí.

"Ohun tí mo kọ náà nìyẹn. Wọ́n ní mi ò gbà á."

Ó dá ọ̀kọ̀ dúró. Inú mi dùn díẹ̀ pé àwa méjèèjì la jùmọ̀ já a. Ó wo àjà, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Áà! Lèmọ́mù ni!"

Ìjà ọdún mẹ́ta ló rántí. Nígbà tí lèmọ́mù ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ahunṣọ tó ní irùngbọ̀n tuntun, ó dìde níbi ìpàdé àwọn ahunṣọ àdúgbò wa láti sọ̀rọ̀. Nínú ìpàdé yẹn, agboolé ni ọmọ ẹgbẹ́, kì í ṣe èèyàn. Agboolé kọ̀ọ̀kan ní ohùn kan, àgbà ilé ló sì ń sọ ọ́. Ọ̀dọ́ náà ní ọmọ agboolé òun lòun, agboolé òun sì wà nínú ìpàdé, nítorí náà òun náà wà níbẹ̀. Bàbá Olófì dìde, ó nàka sí i lójú gbogbo èèyàn. Ó sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú ìgbádùn, bí ẹni pé àná ni: "Mo ní, 'Jókòó! Ìwọ wà nínú ilé yín. Ilé yín wà nínú ìpàdé. Ìwọ ò sí nínú ìpàdé.'"

Gbogbo ohun tí olùkọ́ wa fi odidi oṣù kan kọ sára pátákó nìyẹn. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé mi bó ṣe sọ ọ́.

Ìbéèrè kejì tí mo já dá lórí òfìfo. Mo ti kọ pé àkójọ tí kò ní nǹkan kan nínú, àti àkójọ tó jẹ́ pé àkójọ òfìfo yẹn nìkan ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n. Òfìfo lójú òfìfo, mo rò pé kò sí ìyàtọ̀. Bàbá Olófì ní kí n lọ gbé agbọ̀n abọ́ wá, ó ní kí n kó gbogbo wọn jáde, kó ku ti àlejò nìkan.

"Ṣé agbọ̀n yìí ṣófo?"

"Rárá, Bàbá. Abọ́ wà nínú ẹ̀."

"Abọ́ náà ńkọ́?"

"Ó ṣófo."

Ó wò mí títí, ó tún wo ìwé ńlá tó wà lórí itan mi. "Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ gbé ọ lọ sí ìlú òkèèrè náà nìyí?"

Ó dùn mí. Mo pinnu pé màá sọ ohun tí yóò yà á lẹ́nu. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé eéjì, ẹẹ́rin, ẹẹ́fà, títí lọ láìlópin, wọ́n pọ̀ bákan náà pẹ̀lú gbogbo nọ́ńbà lápapọ̀?" Nígbà tí olùkọ́ sọ ọ́ fún wa, akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ìbínú jáde kúrò ní kíláàsì.

Bàbá Olófì kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ṣé kálukú rí abọ́ mú?"

Mo ronú. Ení mú eéjì, èjì mú ẹẹ́rin, ẹ̀ta mú ẹẹ́fà. "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹnì kankan dúró láìní abọ́?"

"Rárá."

"Abọ́ kù?"

"Kò kù."

"Wọ́n pé nìyẹn. Kí ni wọ́n ń jà sí?"

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí n ṣe ìdánwò, mo ti mọ ìwé náà débi pé mo lè kọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn ará Òkèhò dé.

Mi ò ní bú wọn. Ọkùnrin tí wọ́n wá fẹ́ mi fún jẹ́ ọmọlúàbí, ó ní mọ́tò Pijó, eyín rẹ̀ sì dáa. Àmọ́ wọ́n fẹ́ kí ìgbéyàwó wáyé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n lè bọ́ síwájú ìkórè iṣu, bàbá mi sì ti fẹ́ gbà. Ó ní ìdánwò tí mo ti já rí, kí ló dé tí n kò fi ní tún un já. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ mi. Mo wà lẹ́yìn ilé, mò ń pọn omi àlejò.

Nínú agboolé wa, ọjọ́ tí a bá dá ọjọ́ ìgbéyàwó, a máa ń gbé abọ́ ọmọbìnrin náà fún àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀. Láìsí abọ́, kò sí ọjọ́. Bàbá Olófì ló dá àṣà náà sílẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, nígbà tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ tán, bàbá mi dìde láti gbé abọ́ mi. Ó yẹ agbọ̀n wò. Onílà pupa kò sí níbẹ̀.

"Bàbá, mi ò rí abọ́ Rábì." Rábì ni gbogbo ilé ń pè mí, Bàbá Olófì nìkan ló ń fi oríkì pè mí.

Bàbá Olófì jókòó lórí awọ àgùntàn nínú agbádá sányán rẹ̀ tó fẹ̀ bí àgọ́. Ó ní, "Abọ́ kì í rìn. Ẹ wá a."

Wọ́n wá a. Wọ́n wo ilé ìdáná, wọ́n wo ilé òfì, wọ́n wo ilé adìyẹ. Wọ́n ní kí èmi náà jáde wá bá wọn wá a. Mo gbé omi wá fún àlejò, mo kúnlẹ̀, ojú mi sì ṣe déédéé etí agbádá Bàbá Olófì. Mo rí etí páànù tó ń dán lábẹ́ rẹ̀. Ó rí mi pé mo rí i.

"Kí lò ń wò, Àjọkẹ́? Lọ bá wọn wá a."

Alàájì tó ṣáájú àwọn àlejò wúkọ́. Ó ní, "Bàbá, ṣé abọ́ mìíràn ò ṣeé gbà?"

"Ṣé ọmọ mìíràn lẹ fẹ́ fẹ́ ni?"

Alàájì gbé omi rẹ̀ mu. Wọ́n pe ìrun Alásárì. Gbogbo wọn dìde, wọ́n tò. Bàbá Olófì, tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko wa lọ́nà Okaka tó sì ń padà lọ́jọ́ kan náà, ní orúnkún ń dun òun, ó kírun níjòkòó. Mo rí i tó ń tẹríba díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó gbẹ́yin sábẹ́. Kálukú ti ń fura. Àmọ́ ta ni yóò sọ fún baba rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn pé, "Ẹ dìde kí n wo abẹ́ ìdí yín"?

Òòrùn ń lọ, ọ̀nà Òkèhò sì jìn. Wọ́n ní àwọn á padà wá lóṣù tó ń bọ̀ tí abọ́ bá ti yọjú. Bí mọ́tò wọn ṣe kọjá, Bàbá Olófì gbìyànjú láti dìde, kò lè dìde, ẹsẹ̀ méjèèjì ti kú. Ìyá àgbà ló fà á sókè, tó ń ṣépè, tó ń rẹ́rìn-ín. Abọ́ mi wà nílẹ̀, ó ti tẹ̀, ó rí kónkókónkó bí ìdí àgbàlagbà. Ó gbé e, ó gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó wo inú rẹ̀ yíká, ó fi ìka kan án. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Ó tẹ̀ ni, kò lu. Gbé e lọ sí ilé ìwé rẹ."

Mo yege. Bàbá mi ka lẹ́tà tuntun náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé e fún mi. Ọkùnrin Òkèhò fẹ́ ọmọbìnrin kan ní Ogbooro, mo gbọ́ pé ọmọ wọn pọ̀. Èmi ò kà wọ́n.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ tọpọ́lọ́jì, olùkọ́ ní ìṣirò yìí kò bìkítà bí nǹkan ṣe gùn tó tàbí bó ṣe rí róbótó. Ó ní o lè fà á, o lè tẹ̀ ẹ́, o lè jókòó lé e pàápàá. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti ya, tí kò sì lu, ohun kan náà ni. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi, n kò lè dá a dúró. Ó bi mí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní bàbá àgbà mi ni, omi sì ń dà lójú mi.

Lọ́jọ́ fìdáù ọjọ́ kẹjọ Bàbá Olófì, mo gbé abọ́ náà wálé. Mo fi í sínú agbọ̀n pẹ̀lú àwọn tó kù. Lẹ́yìn àdúà, nígbà tí lèmọ́mù àti àwọn èrò ti lọ, bàbá mi gbé agbọ̀n wá sí àgbàlá fúnra rẹ̀. Ó ń wo ìdí abọ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kó wọn sílẹ̀. Nígbà tó dé orí tèmi, ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó tẹ̀.

"Mo rí etí rẹ̀ lọ́jọ́ náà," ó wí. "Nígbà tí mo ń tẹríba."

Mo jókòó tì í. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni mo ti fi bínú sí bàbá mi.

A mú abọ́ wa, àwa tí a ti dàgbà àti àwọn ọmọ tiwa. Méjì ló kù nílẹ̀. Ọ̀kan dojú dé, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wà. Ọ̀kan ṣí sílẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, nàka sí i, ó ní, "Ta ni kò tíì dé?"

Bàbá mi gbé abọ́ náà, ó sì wo ìdí rẹ̀. "Abọ́ tó bá kù," ó wí, "ẹni tó ni ín wà níbì kan."

Kò rán ẹnikẹ́ni nínú wa lọ wá a.